Ìyá Ìlobùú, Ìyá Ìfọ́n: Ibo Ni Wọ́n Sùn Nígbà Tí Wọ́n Kó Ọmọ Lọ Ṣeré n'Íbàdàn?

Ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti gbájúẹ̀, kì í sì í ṣe ti ìyàwó tó kó ẹrù jáde lóru. Ọ̀rọ̀ ibi ìsùn ni. Bí tọkọtaya bá fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ ṣeré ní ìlú mìíràn lásìkò ọlidé, ilé ta ni wọ́n máa wọ̀ sí? Àbí wọn ò ní wọ̀ sílé ẹnikẹ́ni?

Ẹlòmíì á ní, "Ìyẹn náà tún di ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ìròyìn?" Ẹ ṣe sùúrù. Ọ̀rọ̀ ibi ìsùn yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìrìn-àjò ìdílé kan jẹ́ ní Ìlobùú ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Ẹni tó bá gbọ́ ọ dópin á mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹní àti ìrọ̀rí nìkan.

ỌMỌ ÌLOBÙÚ FẸ́ ỌMỌ ÌFỌ́N

Káfíńtà ni ọkọ, ọmọ Ìlobùú ni. Èlùbọ́ ni ìyàwó ń tà, ọmọ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún wọn: àgbà jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún 13, ọkùnrin tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọmọ ọdún 9, àbíkẹ́yìn jẹ́ ọmọ ọdún 4. Ìyá ọkọ wà láyé, ìyá ìyàwó náà wà láyé.

Ẹni tó bá mọ ìlú méjèèjì mọ̀ pé wọ́n fara kọ́ra ni. Ìlobùú ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n ni ti Òròlú. Ìwé ìjọba ló pín wọn sí méjì, ọjà ò pín wọn, ìgbéyàwó ò sì pín wọn. Ọmọ tó bá jí ní Ìlobùú lè jẹun ọ̀sán ní Ìfọ́n nílé ìyá ìyá rẹ̀, kó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àfi ìgbà tí ìjà ààlà ilẹ̀ dé. Ẹjọ́ ilẹ̀ yìí ti pẹ́, ojú ìwé yìí kọ́ ni yóò dá a. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni pé nígbà tó gbóná ní ọdún 2025, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìfọ́n, Ìlobùú àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ọjà dákẹ́. Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wà ní títì. Àwọn ọmọ ò lè dé ọ̀dọ̀ Màmá Ìfọ́n mọ́. Nígbà tí nǹkan rọlẹ̀ pàápàá, ẹsẹ̀ ò yá mọ́ láti ìhà kìíní sí ìhà kejì bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ìyá àgbà méjèèjì ń kí ara wọn lórí fóònù, ṣùgbọ́n ìkíni wọn ti di kúkúrú: "Ṣé dáadáa lẹ wà? Ẹ bá mi kí wọn." Ó parí.

Àbíkẹ́yìn ló la ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan tó bi bàbá rẹ̀ pé, "Ṣé Màmá Ìfọ́n ò fẹ́ràn wa mọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun ọkùnrin náà. Ó ní kí ìyàwó òun gbọ́, tí ilé ìwé bá ti gba ọlidé, òun á kó gbogbo wọn lọ sí Ìbàdàn fún ọjọ́ mẹ́ta, òru méjì. Kì í ṣe àwọn ọmọ nìkan o: ìyá Ìlobùú àti ìyá Ìfọ́n á bá wọn lọ. Òun fúnra rẹ̀ ti bá ilé ìwé lọ sí Trans Amusement Park n'Íbàdàn nígbà tó wà ní pámárì, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ńlá tó ń gbé ọmọ yí lókè ò kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹranko àti omi lúwẹ̀ẹ́ ni àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́. Wọ́n bá fẹnu kò sí ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn àti ọgbà ìgbafẹ́ Agodi.

Gbogbo ilé yọ̀. Ìgbà tó kan ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n máa sùn ni ayọ̀ wọlẹ̀.

ẸNU Ò KÒ

Ọkọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin kọ́lé sí Olódó, lójú ọ̀nà Ìwó sí Ìbàdàn, ibẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀ sí. "Bọ̀dá ò ní gbà kí n lọ sùn síbòmíràn. Tó bá gbọ́, ìjà ni."

Ìyàwó ní àbúrò òun obìnrin wà ní Àpáta, kànga wà nílé rẹ̀, yàrá àlejò sì wà níbẹ̀. "Bàbá àwọn ọmọ, ilé yẹn tẹ́jú ju ti Bọ̀dá lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀."

Ìyá ọkọ ní kí ló tiẹ̀ dé tí wọ́n máa sùn rárá. "Ẹ jẹ́ ká jí lọ, ká padà nírọ̀lẹ́ jàre. Ta ló ń sùn sí ìlú onílùú nítorí ọ̀bọ?"

Wọ́n wá tẹ ìyá ìyàwó láago ní Ìfọ́n. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Ó dáa, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ máa lọ. Ẹ̀ẹ́ bá mi kí wọn n'Íbàdàn. Èmi á ṣọ́lé."

Ọkọ rò pé àárẹ̀ ló ń ṣe ìyá. Ìyàwó ò rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni, ó mọ ohùn ìyá rẹ̀. Àna kì í ṣàdédé lọ tẹ́ní sílé àna. Lẹ́yìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìlú méjèèjì, ṣé ìyá Ìfọ́n á wá lọ sùn sí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ ọmọ rẹ̀, kó máa béèrè omi ìwẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó ilé, kó máa wo ojú wọn kó tó jẹun? Kò sí ẹni tó máa bú u níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni yóò jókòó sí títí wọn á fi padà.

Bó bá sì jẹ́ Àpáta ni wọ́n lọ, ọ̀rọ̀ náà á kàn yí padà ni: ìyá Ìlobùú lá á di àlejò, ìyá Ìfọ́n á di onílé. Ẹ rí i báyìí? Ilé ẹ̀gbọ́n tàbí ilé àbúrò, ọ̀kan nínú àwọn ìyá méjèèjì gbọ́dọ̀ tẹ́rí. Torí pé kí àwọn méjèèjì lè jọ wà pọ̀ ni wọ́n sì ṣe dá ìrìn-àjò náà sílẹ̀.

Ìyàwó bá là á mọ́lẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ lóru. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká wá ibi tí kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni."

"Hòtẹ́ẹ̀lì kẹ̀?" Ọkọ dìde jókòó. "Kí àwọn ará Ìlobùú wá gbọ́ pé mo kó ìyá mi lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì? Ibi tí àwọn aṣẹ́wó wà! Àti pé owó tí a bá fi ra oorun, ṣé a máa rí i jẹ ni?"

ILÉ ARÁ KÌ Í ṢE Ọ̀FẸ́

Ẹ ò ní bá ẹni tó ń ta èlùbọ́ jà lórí ọ̀rọ̀ ìṣirò. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìyàwó mú ìwé tó fi ń kọ gbèsè oníbàárà, ó yà á sí méjì. Ó kọ Olódó sí apá kan, ó kọ hòtẹ́ẹ̀lì sí apá kejì.

Owó ọkọ̀ láti Òṣogbo kò yàtọ̀, ó yọ ọ́ kúrò. Ní apá Olódó, ó kọ èlùbọ́ àti iṣu tí wọ́n máa gbé fún onílé, nítorí ọwọ́ òfìfo kì í wọlé ẹ̀gbọ́n: ₦15,000. Owó àkàrà fún àwọn ọmọ onílé mẹ́rin, ₦1,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan: ₦4,000. Owó oúnjẹ ẹni méje, torí kò sí bí ènìyàn méje ṣe máa jẹ ìkòkò ẹlòmíràn fún ọjọ́ mẹ́ta tí wọn ò ní fi nǹkan sílẹ̀: ₦20,000. Lẹ́yìn náà ló wá kan ọkọ̀ láàárín ìlú. Olódó jìnnà sí Yunifásítì, ó jìnnà sí Agodi. Ìyá àgbà méjì àti ọmọ kékeré ò lè máa sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kan kí wọ́n tún máa wọ òmíràn, wọ́n gbọ́dọ̀ háyà mọ́tò. ₦12,000 lójúmọ́, ọjọ́ méjì: ₦24,000. Àròpọ̀: ₦63,000.

Ilé ọ̀fẹ́ rèé o!

Ní apá hòtẹ́ẹ̀lì, yàrá méjì ní ₦15,000 ẹyọ kan fún òru méjì: ₦60,000. Oúnjẹ, ₦20,000 yẹn náà ni. Ọkọ̀ láàárín ìlú, torí pé wọn ò ní jìnnà sí ibi tí wọ́n ń lọ, ₦5,000 lójúmọ́: ₦10,000. Àròpọ̀: ₦90,000.

Hòtẹ́ẹ̀lì wọ́n jù, irọ́ ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ₦60,000 ló fi wọ́n jù bí ọkọ ṣe rò. ₦27,000 ni. Ìyàwó fi bírò fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ₦27,000 yìí ni iye tí ìyá yín àti ìyá mi máa fi jọ dọ́gba. Ṣé ó pọ̀ jù?"

Ọkọ ò dáhùn. Ó gbé ayùn, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Lọ́sàn-án, ó tẹ ìyàwó láago: "Sọ fún wọn kí wọ́n wá ibi tó mọ́ o. Tí kò bá mọ́, mi ò lọ."

Ti pé kí wọ́n lọ kí wọ́n bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, òun náà ní ìṣirò tirẹ̀. Láti Ìlobùú dé Ìbàdàn tó bíi 100 kìlómítà. Kí ẹni méje tó wọkọ̀ dé Òṣogbo, kí ọkọ̀ tó kún, kí wọ́n tó já Ìbàdàn, òwúrọ̀ ti lọ. Bí wọn ò bá sì fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ wọn lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́rin, aago mẹ́ta ọ̀sán ni kí wọ́n ti máa wá ọkọ̀ padà. Ọgbà kan ni wọ́n máa lè rí, wọn ò sì ní rí i tán. Ẹni tó bá jẹ́ pé òun àti ọmọ rẹ̀ kan tó ti dàgbà ló ń lọ, alọ-bọ̀ dára fún un. Ẹni tó kó àgbà àti ọmọdé ń fi ìyà ra ìyà ni.

ÒYÌNBÓ PÀÁPÀÁ MỌ̀ PÉ IBI ÌSÙN NI OWÓ WÀ

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ibi ìsùn kéré, kó gbọ́ ti òyìnbó Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Walt Disney. Òun ló ṣí ọgbà ìṣeré Disneyland ní Anaheim, ìpínlẹ̀ California, ní oṣù keje ọdún 1955. Owó tó ní lọ́wọ́ ti wọnú ọgbà tán, kò ṣẹ́ kù èyí tó lè fi kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Ó bá ní kí oníṣòwò kan, Jack Wrather, wá kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà náà. Àwọn ẹlòmíràn náà sáré ra ilẹ̀ yí ọgbà ká, wọ́n kọ́ ilé àlejò síbẹ̀. Disney ń ṣeré fún ọmọ aráyé, àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri ń gba owó oorun.

Ó kọ́gbọ́n. Nígbà tó fẹ́ kọ́ èkejì ní Florida, ó kọ́kọ́ fi orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ra ilẹ̀ tó tó bíi 27,000 éékà, kí àwọn onílẹ̀ má bàa gbówó lérí. Ó kú ní 1966 kí wọ́n tó kọ́ ọ tán. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1971, hòtẹ́ẹ̀lì méjì ti wà nínú ilẹ̀ náà.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀ fún èèyàn Ìlobùú àti Ìfọ́n? Òun ni pé ìtòsí ọjà ni, wọ́n ń tà á ni. Bí yàrá bá ṣe súnmọ́ ibi ìṣeré tó ni owó rẹ̀ ṣe máa ń ga tó. Ọwọ́ ẹni tó ń rà á ló kù sí láti mọ̀ bóyá òun nílò rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ tó ń sùn lọ́sàn-án àti ìyá tí orúnkún ń dùn, kó ra ìtòsí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, kó lọ síbi tó jìnnà díẹ̀, kó fi èyí tó kù ra súyà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí Òṣogbo náà mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ṣebí oṣù kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun máa ń bọ́ sí. Láti ìgbà tí àjọ UNESCO ti fi igbó Ọ̀ṣun kún àwọn ibi àjogúnbá gbogbo àgbáyé ní 2005, àlejò ń ti òkè òkun wá. Ẹni tó bá ti gba àlejò ọdún Ọ̀ṣun sílé rí mọ iye garawa omi tí àlejò ń lò, ó mọ ẹni tó lọ sùn sórí ẹní nítorí kí àlejò lè rí bẹ́ẹ̀dì sùn. Ohun tí àlejò ṣe sí yín lẹ̀yin náà ń lọ ṣe sí ará yín n'Íbàdàn yẹn o.

BÍ WỌ́N ṢE RÍ YÀRÁ

Ìyàwó ní oníbàárà kan tó ń wá ra èlùbọ́ láti Ìbàdàn. Òun ló bẹ̀ pé kó bá òun wo ilé àlejò kékeré tó bá wà láàárín Sángo àti géètì Yunifásítì. Nínú ọgbà Yunifásítì fúnra rẹ̀, ilé àlejò wà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n fẹ́ ibi tí wọ́n ti lè rí àmàlà rà ní ẹsẹ̀ kan.

Oníbàárà náà lo ọgbọ́n. Kò lọ lálẹ́. Ọ̀sán gangan ló lọ, ó ní kí wọ́n ṣí yàrá fún òun. Ó tú omi ẹ̀rọ wò. Ó ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ó fa ilẹ̀kùn, ó ti kọ́kọ́rọ́. Ó béèrè pé ẹni mélòó ni wọ́n ń gbà nínú yàrá kan, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n ń gba owó lé ọmọ kẹta. Ó wo ẹ̀yìn ilé bóyá ilé ọtí wà níbẹ̀. Ibi kìíní tó wò, bíà àti ìlù ló wà nísàlẹ̀, ó jáde. Ibi kejì, omi ò yọ. Ibi kẹta ló tẹ́ ẹ lọ́rùn: ilé alájà kan, ọgbà yí i ká, wọ́n gbin òdòdó sí ẹnu ọ̀nà, àwọn tó wà níbẹ̀ jẹ́ àwọn tó wá bẹ ọmọ wò ní Yunifásítì. Ó ná yàrá náà láti ₦18,000 wá sí ₦15,000 nítorí pé méjì ni wọ́n ń gbà.

Ohun kan ṣoṣo ló gbàgbé láti bi wọ́n: aago mélòó ni wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ óò gbọ́ ọ níwájú.

Nígbà tí ìyá Ìfọ́n gbọ́ pé kì í ṣe Olódó, kì í ṣe Àpáta, ó dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù. Ó wá béèrè pé, "Àna mi ńkọ́, ṣé wọ́n ń lọ?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n lọ wá bàtà mi."

Ọ̀RỌ̀ TI BỌ̀DÁ

Ẹ má rò pé wọ́n fi ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ láìsọ fún un. Àṣìṣe tó ń da ilé rú nìyẹn. Ọ̀nà Ìwó ni wọ́n gbà, wọ́n sì sọ̀ ní Olódó. Wọ́n gbé èlùbọ́ wọlé, wọ́n jẹun. Nígbà tí wọ́n ní àwọn ń lọ, ojú Bọ̀dá yí padà.

"Ilé mi wá kéré jù fún ìyá mi báyìí?"

Ọkọ fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ìyá rẹ̀ ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. "Ilé rẹ ò kéré, ọmọ mi. Àna mi ló tóbi. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ lé mi lẹ́yìn bí àlejò."

Ìyá Ìfọ́n wà lórí àga, ó gbọ́. Kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dìde, òun ló bá ìyá Ìlobùú gbé báàgì rẹ̀. Bọ̀dá fúnra rẹ̀ ló pe mọ́tò fún wọn.

ÒRU MÉJÌ, YÀRÁ MÉJÌ

Tọkọtaya àti ọmọkùnrin méjèèjì wọ yàrá kan. Àwọn ìyá méjèèjì àti ọmọbìnrin wọ yàrá kejì. Ìyá Ìlobùú mú búta rẹ̀ láti ilé, ó ní òun ò lè fi ike hòtẹ́ẹ̀lì ṣe àlùwàlá. Ìyá Ìfọ́n mú Bíbélì rẹ̀ àti aṣọ ìbora.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ ti sùn. Ooru mú, ẹ̀fọn kọrin. Ọkọ jáde lọ ra kọ́ìlì ẹ̀fọn, ó ń kùn pé, "Mo sọ bẹ́ẹ̀! Mo sọ bẹ́ẹ̀!" Ní yàrá kejì, àwọn ìyá méjèèjì ṣí fèrèsé, wọ́n jókòó sínú òkùnkùn. Ọmọbìnrin náà gbọ́ díẹ̀ kó tó sùn lọ. Ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n ń sọ, pé ta ló jẹ ta ní owó léèsì. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ọ̀rọ̀ ọdún 2025, ẹni tó sá, ẹni tó pàdánù. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, àwọn méjèèjì ni wọ́n mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ sí ọgbà ẹranko Yunifásítì. Láti 1948 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹranko díẹ̀ jọ síbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì di ọgbà ẹranko gidi ní 1974. Àbíkẹ́yìn dúró síwájú kìnnìún, ó di ìró ìyá àgbà mú, ìró ìyá kìíní lọ́wọ́ ọ̀tún, ti ìkejì lọ́wọ́ òsì. Ìyá Ìlobùú béèrè ìnàkí méjì tó rí níbẹ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, Aruna àti Imade. Wọ́n ní wọ́n ti kú tipẹ́. Ó ní, "Háà, àwa la ṣẹ́ kù."

Nígbà tó di ọ̀sán, tó rẹ ọmọ àti àgbà, wọn ò wá ọkọ̀ lọ Olódó. Wọ́n padà sí yàrá, wọ́n sùn, wọ́n wẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ara gbogbo wọn ti yá, ni wọ́n wá lọ sí Agodi. Àǹfààní ìtòsí nìyẹn. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ọgbà Agodi sílẹ̀. Omíyalé Ògùnpa tó ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 1980 bà á jẹ́, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún un kọ́, ó sì tún ṣí ní 2014. Àwọn ọmọ wọ omi títí ètè wọn fi ń gbọ̀n. Àwọn ìyá jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń jẹ gúgúrú.

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kẹta, wọ́n di ẹrù, ó di ilé.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ FẸ́ LỌ

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rèé. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé nítorí ta lẹ ṣe ń lọ. Bó bá jẹ́ nítorí kí ẹ lè rí ẹ̀gbọ́n yín, ilé ẹ̀gbọ́n ni kí ẹ wọ̀ sí, ẹ má wá hòtẹ́ẹ̀lì kan. Bó bá jẹ́ nítorí àwọn ọmọ, ibi tó súnmọ́ ibi ìṣeré ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá kó ìdílé méjì tí ọ̀rọ̀ wà láàárín wọn dání, ẹ wá ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti jẹ́ onílé.

Ẹ kọ ìṣirò sílẹ̀, apá méjì, kí ẹ má gbàgbé ẹ̀bùn onílé àti owó ọkọ̀ láàárín ìlú. Ẹ rán ẹni tí ẹ fọkàn tán lọ wo yàrá lọ́sàn-án. Ẹ béèrè omi, kọ́kọ́rọ́, iye ẹni tó lè sùn, àti aago tí wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ sí àpò ìfowópamọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ nítorí yàrá tí ẹ kò rí. Ẹ béèrè kí ẹ tó gbéra bóyá ọgbà tí ẹ ń lọ ṣí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ sì sọ fún ará yín tó wà nílùú náà kí ẹ tó dé, kó má jẹ́ ẹnu ọ̀nà ni yóò ti gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Nígbà tí wọ́n ń di ẹrù n'Íbàdàn, búta ìyá Ìlobùú bọ́ sínú báàgì ìyá Ìfọ́n. Kò sí ẹni tó mọ̀ títí wọ́n fi délé. Ìyàwó ní kí ọmọbìnrin òun gun ọ̀kadà lọ gbà á wá. Ìyá Ìfọ́n ní rárá. Kò rán ọmọ, kò rán ọlọ́kadà. Ní ọjọ́ kẹta, òun fúnra rẹ̀ wọ bàtà, ó gbé búta náà lọ́wọ́, ó gba Ìlobùú lọ, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ kónílé-ó-gbélé. Ó bá àna rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá Ìlobùú gba búta, ó wò ó yíká. Ó ní, "Ẹ jókòó. Àmàlà ń bẹ lórí iná."

Ẹ̀yin tí ẹ ti kó ọmọ jáde lọ́lidé rí, ilé ta lẹ sùn sí, kí lojú yín rí níbẹ̀? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ìwé lẹ́tà. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.